Òrùlé ń jò, owó ilé ń gòkè: ṣé kí n dá owó bàbá onílé dúró?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ṣómólú ni à ń gbé, yàrá méjì àti pálọ̀ ní àjà òkè. Ọdọọdún la ń san owó ilé. Láti ìgbà òjò èṣí ni òrùlé ti ń jò sí yàrá àwọn ọmọ. Ní oṣù tó kọjá, síílìn já lulẹ̀ lóru, Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Sọ́kàwéè náà ti kún, omi ìdọ̀tí ń ṣàn sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí gbogbo ilé ti ń sá aṣọ. Ìgbàkigbà tí a bá sọ fún bàbá onílé, "mo ti gbọ́" ni. Nígbà tí síílìn já, mo fi ₦185,000 tún òrùlé ṣe fúnra mi. Bàbá wá ní owó ilé tó jẹ́ ₦800,000 ti di ₦1,400,000 láti oṣù Kẹsàn-án tí owó wa máa tán. Àbúrò mi tó wà ní New York ní kí n má san kọ́bọ̀, pé lọ́dọ̀ tiwọn, ìjọba máa ń gé owó ilé fún ẹni tí onílé ò bá tún ilé ṣe fún. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni òfin Èkó rí? — Ìyá Ìbejì, Ṣómólú.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu síílìn tó já o. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́. Ẹ bá mi kí àwọn ìbejì.

Ẹ má dá owó ilé dúró. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀, nítorí tí ẹ bá ka gbogbo ìyókù tí ẹ wá gbàgbé ìyẹn, a ò tíì ṣe nǹkan kan. Ohun tí bàbá onílé ṣe ò dáa, òfin sì wà lẹ́yìn yín níbi tó pọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ bá ti jẹ gbèsè owó ilé ni ẹjọ́ ti kúrò lórí òrùlé, tó ti di ẹjọ́ ẹni tó ń gbélé onílé lọ́fẹ̀ẹ́.

Àbúrò yín ò purọ́ o. Ní New York, àwọn ilé kan wà tí ìjọba ń ṣọ́ iye owó ilé tí wọ́n ń gbà lórí wọn. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni ilé tó ní fúláàtì mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n kọ́ ṣáájú 1974. Ilé iṣẹ́ ìjọba kan tí wọ́n ń pè ní DHCR ló ń mójú tó wọn. Tí ẹ̀rọ amúlégbóná bá kú tàbí tí òrùlé ń jò, ayálégbé á gba fọ́ọ̀mù, á kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sí i; ọ̀tọ̀ ni fọ́ọ̀mù ohun tó bàjẹ́ nínú fúláàtì ẹnì kan, ọ̀tọ̀ ni ti ohun tó kan gbogbo ilé. Wọ́n lè rán ẹni tó máa yẹ ilé wò wá. Tí wọ́n bá rí i pé òótọ́ ni, wọ́n lè pàṣẹ kí owó ilé padà sí iye tó wà kí wọ́n tó fi èyí tó kẹ́yìn kún un, onílé ò sì ní lè fi nǹkan kan lé e títí á fi tún ilé ṣe. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìwé àṣẹ ìjọba ló gé owó yẹn. Ayálégbé kọ́ ló jókòó sínú pálọ̀ rẹ̀ tó pinnu iye tí òun máa san.

A ò ní irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ l'Ékòó. Nígbà ìjọba ológun, òfin 1997 to iye owó ilé sílẹ̀ ní agbègbè kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé Èkó nígbà yẹn mọ̀ pé orí ìwé ló dúró sí. Òfin ayálégbé ti 2011, tí Gómìnà Fáṣọlá buwọ́ lù, ló rọ́pò rẹ̀, òun ló sì wà lórí ọ̀rọ̀ tiyín. Kò dá iye kankan lé orí yàrá kankan. Ó yọ Apapa, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀, ṣùgbọ́n Ṣómólú wà nínú rẹ̀ gbọingbọin, Ìsàlẹ̀ Èkó náà wà níbẹ̀. Ní 2025, àbá òfin tuntun dé iwájú Ilé Aṣòfin Èkó, nítorí náà tí ọ̀rọ̀ yín bá máa dé kóòtù, ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ́kọ́ wò ó bóyá nǹkan ti yí padà.

Kí ló dé tí mo ní kí ẹ má dá owó dúró? Kóòtù wa kì í so àtúnṣe mọ́ owó ilé. Ìlérí méjì ni lójú wọn: ẹ ṣèlérí pé ẹ máa san owó, bàbá ní ojúṣe láti tún ilé ṣe. Tí òun bá yẹ tirẹ̀, ìyẹn ò tú tiyín. Ẹ lè pè é lẹ́jọ́ lórí àtúnṣe, ẹ sì lè fi ìyẹn dá a lóhùn tí òun bá pè yín lẹ́jọ́ owó, ṣùgbọ́n ẹ ò lè fi ọwọ́ ara yín gé e. Bẹ́ẹ̀ sì ni gbèsè owó ilé wà lára ìdí tí òfin fi lè gba ilé lọ́wọ́ ayálégbé. Bàbá tó ń wá bó ṣe máa rí ₦1.4m lọ́wọ́ ẹlòmíì á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín tí ẹ bá fún un ní irú ìdí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tó bàjẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, torí pé ibẹ̀ ni èèyàn púpọ̀ ti ń ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Abala 8 òfin 2011 yẹn ní onílé ni kó máa tún ìta ilé ṣe pẹ̀lú gbogbo ibi tí ẹ jọ ń lò. Abala 7 ní ayálégbé ni kó máa tọ́jú inú ilé tó ń gbé, yàtọ̀ sí ohun tó gbó fúnra rẹ̀ nítorí pé ó ti pẹ́. Òrùlé, ògiri ìta, àtẹ̀gùn, gọ́tà, géètì, ti onílé nìyẹn. Ẹnu omi tó ń kán ní kíṣìnnì yín, gíláàsì tí àwọn ọmọ fi bọ́ọ̀lù fọ́, sọ́kẹ́ẹ̀tì tó jóná nítorí pé ẹ ki ẹ̀rọ ìlọṣọ àti ìgbóná omi bọ ojú kan, tiyín ni.

Síílìn ló máa fa àríyànjiyàn. Inú ni síílìn wà, bàbá á sì sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má bá a jiyàn lórí síílìn, orí ohun tó já a ni kí ẹ dúró sí. Ẹ bi kápẹ́ńtà tó gun òkè bóyá ó ya fọ́tò kó tó paarọ̀ páànù. Fọ́tò tí mò ń wá ni èyí tó fi páànù tó ti ṣí hàn láti ìta, ìṣó tó ti dípẹtà tí orí rẹ̀ ti já, igi abẹ́ rẹ̀ tí omi ti sọ di dúdú. Lẹ́yìn náà ni fọ́tò síílìn láti inú yàrá, pẹ̀lú àpá omi aláwọ̀ tíì tó yí ibi tó já ká. Ẹni tó bá rí méjèèjì papọ̀ mọ̀ pé òkè ni omi ti wá, kò sì sí ayálégbé tó ń gbé orí òrùlé. Tí kò bá sí fọ́tò, ẹ jẹ́ kí kápẹ́ńtà kọ ohun tó bá lókè sínú ìwé, kó buwọ́ lù ú, kó kọ déètì sí i. Tí páànù àtijọ́ bá ṣì wà lẹ́yìnkùlé, ẹ má jẹ́ kí àwọn tó ń ra irin kó o lọ.

Sọ́kàwéè ní ọ̀nà tirẹ̀. Tó bá kàn kún nítorí pé ilé ti pọ̀, tó sì ti pẹ́ tí wọ́n fà á kẹ́yìn, àṣà wa l'Ékòó ni pé àwọn ayálégbé máa dá owó ọkọ̀ tó máa wá fà á, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí ìjà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fà á lónìí, tó tún kún láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kì í ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ ló kún inú rẹ̀, omi ilẹ̀ ni, tàbí kẹ̀ ògiri rẹ̀ ti wó sínú. Ilẹ̀ Ṣómólú sí Bárígà rẹlẹ̀, ọ̀sà ò jìnnà, nítorí náà ẹ máa rí èyí dáadáa ní ìgbà òjò. Ìyẹn ti di iṣẹ́ bíríkìlà, ọ̀rùn onílé ló wà. Tí wọ́n bá sì ń gba sáfíìsì ṣájì, ìyẹn owó ìtọ́jú ilé, lọ́wọ́ yín, òfin ní kí wọ́n fún yín ní ìwé ìṣirò bí wọ́n ṣe ná an, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́fà. Ẹ béèrè rẹ̀. Mi ò tíì rí ilé tí wọ́n ti béèrè rẹ̀ tí ojú ẹni tó ń gba owó ò yí padà.

Ní ti ₦185,000 tí ẹ ti ná, ẹ̀tọ́ yín ni, ṣùgbọ́n ẹ ṣe é láìjẹ́ pé bàbá fọwọ́ sí i, ìyẹn ló sì mú kó le díẹ̀. Òfin fi àyè sílẹ̀ fún ayálégbé láti gba owó ohun tó fi kún ilé tí onílé bá ní kó máa lọ, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ti gba àṣẹ lórí ìwé kó tó ṣe é. Àtúnṣe òrùlé yàtọ̀ sí ìyẹn, torí iṣẹ́ tirẹ̀ lẹ bá a ṣe. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè fi ipá mú un kó yọ ọ́ lára owó ilé láìsí àdéhùn. Ohun tí à ń wá báyìí ni gbólóhùn kan láti ẹnu rẹ̀, lórí ìwé tàbí lórí WhatsApp, pé òun ti rí risíìtì àti pé òun gbà kí ẹ yọ ọ́. "Ó dáa, ẹ yọ ọ́" tó bá fi ránṣẹ́ ti tó. Tó bá sẹ́ lẹ́yìn náà, ẹ ti ní gbèsè tó dájú lọ́wọ́, ẹ lè gbé e lọ sí kóòtù kékeré tó wà fún gbèsè tí kò ju ₦5,000,000 lọ. Wọ́n dá a sílẹ̀ l'Ékòó ní 2018, ẹ̀yin fúnra yín lè gbé ẹjọ́ lọ síbẹ̀ láìgba lọ́yà, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ti fún un ní ìwé ìbéèrè owó lórí fọ́ọ̀mù wọn kí ẹ tó lọ.

Ẹ ó wá kọ lẹ́tà. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń ṣòro jù fún àwọn èèyàn wa. Kí ọmọdé kọ ìwé sí àgbàlagbà tí ẹ jọ ń gbé ọgbà kan, ìwé kóòtù ló máa ń dà lójú wọn: "Kí ni mo ṣe tó fi ń kọ̀wé sí mi?" Nítorí náà, ẹ má fi ránṣẹ́ lásán. Ẹ kọ́kọ́ lọ kí i ní ìrọ̀lẹ́, kí bàbá àwọn ìbejì bá yín lọ tó bá wà nílé. Ẹ kúnlẹ̀ kí i. Ẹ sọ ọ́ lẹ́nu, ẹ wá ní, "Bàbá, kí ẹ má baà gbàgbé, a ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ síbí." Ìwé tó bá tẹ̀lé ìkíni kì í dà bí ìwé ìjà. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí:

"Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Èmi ni ayálégbé yín ní àjà òkè. Láti ìgbà òjò èṣí ni páànù tó wà lókè yàrá ẹ̀yìn ti ń jò, a sì ti sọ fún yín. Ní oṣù tó kọjá, síílìn yàrá náà já lulẹ̀ níbi tí àwọn ọmọ sùn sí. Mo fi ₦185,000 ra páànù, igi àti ìṣó, mo sì san owó kápẹ́ńtà. Ẹ̀dà risíìtì àti fọ́tò wà lẹ́yìn ìwé yìí. Sọ́kàwéè náà ti kún, omi rẹ̀ sì ń ṣàn sí ẹ̀yìnkùlé. Mo bẹ̀ yín, ẹ bá wa mú ẹni tó máa tún un ṣe wá láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, kí ẹ sì jẹ́ kí n yọ ₦185,000 kúrò nínú owó ilé tó ń bọ̀. Inú mi á dùn tí ẹ bá lè dá mi lóhùn lórí ìwé tàbí lórí WhatsApp."

Ẹ kọ déètì sí i. Ẹ ṣe é ní méjì, kí ó buwọ́ lu èyí tí ẹ máa mú padà sílé. Tó bá ní òun ò buwọ́ lu nǹkan kan, ẹ má bá a fa ọ̀rọ̀. Ẹ ya fọ́tò ìwé náà nígbà tí ẹ bá délé, ẹ fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀, ẹ sì dúpẹ́ pé ó gbà yín lálejò. Tó bá jẹ́ pé àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń gba owó báyìí, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí risíìtì ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Ilé ẹbí pọ̀ ní Ṣómólú, ọmọ kan lè gba owó kí èkejì sọ pé òun ò mọ̀ nípa rẹ̀. Ìwé kan náà nìyí tí abala 7 ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀yin náà: tí ohun ńlá bá bàjẹ́ nínú ilé, ayálégbé gbọ́dọ̀ tètè jẹ́ kí onílé mọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ ṣe ojúṣe tiyín tí ẹ sì rán òun náà létí tirẹ̀.

Ó wá ku ₦1,400,000. Ibí ni òrùlé yín ti máa wúlò jù. L'Ékòó, òrùlé tó ń jò ò lè gé owó tí ẹ ti jọ fẹnu kò lé lórí, ṣùgbọ́n ó lè dí èyí tó fẹ́ fi lé e lọ́wọ́. Abala 37 sọ pé ayálégbé tó ń gbé inú ilé lọ́wọ́ lè lọ sí kóòtù pé kí wọ́n kéde pé owó tí wọ́n fi lé e pọ̀ jù. Ohun tí adájọ́ máa wò ni iye tí wọ́n ń san lórí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò yẹn tàbí àdúgbò tó jọ ọ́, ẹ̀rí tí tọ̀tún-tòsì bá mú wá, àti ohun pàtàkì mìíràn tó bá jẹ mọ́ ilé náà. Síílìn tó já lé ibùsùn àwọn ọmọ jẹ́ ohun pàtàkì tó jẹ mọ́ ilé náà. Sọ́kàwéè tó ń ṣàn náà ni.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀rí jọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò tó ń gbé yàrá méjì àti pálọ̀ iye tí wọ́n ń san, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá wọ́n lè fi risíìtì hàn yín. Iye tí ẹ́jẹ́ǹtì ń pè fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ilé ò fi bẹ́ẹ̀ lágbára, torí pé ìpè ni, wọn ò tíì san án. Ìpín 75 nínú ọgọ́rùn-ún ni bàbá fẹ́ fi kún owó rẹ̀. Bí òpópónà yín bá ti gòkè tó bẹ́ẹ̀, ó lè dá a láre, mi ò ní tàn yín. Bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, ẹ ti ní ohun tí ẹ máa fi bá a dúnàá-dúrà kí ẹ tó ronú kan kóòtù rárá.

Nígbà tí oṣù Kẹsàn-án bá dé, tí ẹ ò bá tíì fẹnu kò, ẹ san ₦800,000 lọ́jọ́ tó yẹ kí ẹ san án, láti báńkì sí báńkì, kí ẹ kọ ohun tí ẹ san án fún sí i. Tó bá dá a padà, ẹ tọ́jú ìwé báńkì. Ẹ má san ₦1.4m láìsọ nǹkan kan tí ẹ bá máa jà á, torí pé ẹni tó san án ti gbà á nìyẹn. Ẹ má sì gbà tó bá ní kí ẹ san ọdún méjì papọ̀: ayálégbé ọlọ́dọọdún ò gbọ́dọ̀ san ju ọdún kan lọ ṣáájú, onílé tó gbà á lè san ₦100,000 owó ìtanràn tàbí kó lọ ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta, òfin sì bá ẹni tó san án wí pẹ̀lú. Gbogbo Èkó ló ń rú abala yìí lójoojúmọ́.

Ohun tí bàbá lè ṣe tí ẹ bá kọ̀ ni pé kó fún yín ní kúìtì nótíìsì. Agbára rẹ̀ gidi nìyẹn, kò sì yẹ kí n fi pamọ́ fún yín. Fún ayálégbé ọlọ́dọọdún, oṣù mẹ́fà ni òfin fún yín tí ágírímẹ́ǹtì ò bá sọ iye mìíràn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé ọlọ́jọ́ méje tó fi ń sọ pé òun fẹ́ lọ gba ilé ní kóòtù, lẹ́yìn ìyẹn ni kóòtù. Kò gbọ́dọ̀ fo ọ̀kankan nínú wọn. Tó bá yọ páànù orí ilé, tó já iná, tó ti ẹnu ọ̀nà omi, tàbí tó rán àwọn ọmọ àdúgbò wá bú yín kí ẹ lè sá, ẹ̀ṣẹ̀ ìjọba ni, wọ́n lè gba tó ₦250,000 lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí kí wọ́n rán an lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà. Kò tún gbọ́dọ̀ gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù yín.

Kí ọ̀rọ̀ tó dé ibẹ̀, Citizens' Mediation Centre wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ Èkó. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ máa kọ ẹ̀sùn, wọ́n á fìwé pe bàbá, ẹ máa jókòó síwájú ẹni tí kò mọ ọ̀kankan nínú yín, ohun tí ẹ bá fẹnu kò sí, ẹ ó buwọ́ lù ú. Tí mo bá wà ní ipò yín, ibẹ̀ ni màá gbé e lọ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìnlá yẹn, ṣáájú kóòtù. Onílé tó jẹ́ àgbàlagbà máa ń gbọ́ràn síwájú ìjọba ju síwájú ayálégbé lọ, kò sì fẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́ pé òun lọ sí kóòtù. Tó bá di dandan kí ẹ gba lọ́yà tí owó ò sì sí, ẹ wá Office of the Public Defender lọ, ìjọba Èkó ló ń san owó wọn.

Àwọn kan á gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ lọ pe LASBCA, àwọn tó ń yẹ ilé wò, láti fi dẹ́rù bà bàbá. Ẹ rò ó dáadáa. Tó bá jẹ́ pé òpó ilé ló ń là, tàbí pé dẹ́kìn ń tẹ̀, ẹ pè wọ́n lónìí, kí ẹ sì kó àwọn ọmọ jáde kí wọ́n tó dé. A ò tíì gbàgbé ilé tó wó ní Ìta Fàájì ní oṣù Kẹta 2019 tòun ti ilé ìwé tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ páànù àti sọ́kàwéè lásán, ẹ rántí pé ilé tí wọ́n bá tì pa, ẹ̀yin náà lẹ máa kó jáde nínú rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ wá ágírímẹ́ǹtì yín jáde, kí ẹ wo ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nótíìsì àti ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ àtúnṣe. Tí ẹ bá rí i pé oṣù mẹ́ta ni wọ́n kọ dípò mẹ́fà, tàbí pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ayálégbé ló máa tún òrùlé ṣe, ẹ kọ̀wé sí mi padà kí ẹ tó lọ kí bàbá, torí a máa ní láti yí lẹ́tà yẹn kọ.